Ohùn Tó Sọnù ní Òkè Ọya

Bí eruku bá bo ojú ọ̀run Sharjah, tí àwọn ilé gíga Al Khan kò yọ ju ìdajì lọ mọ́, inú gbogbo èèyàn ló máa ń bàjẹ́, àfi ti Ọlájíre. Àwọn tó ń fọ mọ́tò níwájú ilé á máa kùn, àwọn obìnrin á fi ìborùn bo imú ọmọ wọn, ọkùnrin Kerala tó ni ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ á ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọn-in. Ọlájíre ní tirẹ̀ á dúró lẹ́nu géètì nínú aṣọ sẹkúríìtì, á sì fa eruku náà símú bí ẹni tó gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. Ọyẹ́ ló ń fà. A mọ̀ pé kì í ṣe ọyẹ́. Ilẹ̀ Lárúbáwá kò ní ọyẹ́. Ṣùgbọ́n imú kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó rántí nǹkan.

Sójà ni Ọlájíre kó tó di ẹni tó ń ṣí géètì fún ọlọ́kọ̀. Ó sì ṣe é dáadáa, kì í ṣe irú sójà tó ń jókòó sí ọ́fíìsì tí ikùn rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí igbó kan ní Òkè Ọya, ibi tó jìnnà sí títì, tó jìnnà sí abúlé, tó jẹ́ pé ọ̀nà màlúù nìkan ló wà níbẹ̀. Pátírò ọ̀nà jíjìn ni wọ́n fẹ́ kọ́ wọn: kí ìwọ̀nba ọmọ ogun gbé ẹrù pọ̀n, kí wọ́n wọ igbó ọ̀tá, kí wọ́n rìn ín fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí wọ́n fojú rí, kí wọ́n fetí gbọ́, kí wọ́n sì padà wá jíṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹyẹ kan mọ̀ pé wọ́n kọjá. Ẹni tó bá yege á gba báàjì tí wọ́n ń rán mọ́ èjìká, gbogbo bárékè á sì máa wò ó bí ọkọ ìyàwó.

Méjì méjì ni wọ́n pín wọn. Ẹni tí wọ́n bá pín mọ́ ọ ni buddy rẹ. Ẹ jọ ń jẹun, ẹ jọ ń sùn, bí ọ̀kan bá lọ sẹ́yìn igi láti ṣe gáà, èkejì á ṣọ́ ọ. Adétúndé ni wọ́n pín mọ́ Ọlájíre. Ọmọ Ìwó ni, ó ga, ó gbẹ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í tètè là. Kò sọ ohun púpọ̀ nípa ilé wọn, Ọlájíre kò sì bi í, nítorí nínú igbó yẹn, omi ni èèyàn ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kì í bi í ní ìtàn ìdílé.

Òfin àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbóhùn sókè, torí pé àwọn olùkọ́ wọn fúnra wọn ló ń ṣe ọ̀tá, wọ́n á sì lúgọ sẹ́yìn àpáta bí ìkookò. Òfin kejì ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa sọ. Wọ́n pa ti àkọ́kọ́ mọ́. Èwo ni kí ebi máa pa ọmọ Ìwó kó sì tún máa wá Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi ròyìn ebi náà? Yorùbá ni àwọn méjèèjì ń sọ síra wọn létí, ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Yorùbá kì í ṣe èdè tó fẹ́ràn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ń jiyàn kó dán an wò. Èémí nìkan ló máa jáde, ohùn á jókòó sọ́nà ọ̀fun, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gòkè àti èyí tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ á wá dọ́gba, bí ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé láti fi àmì sí lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Adétúndé rí awó kan tó sanra lábẹ́ igi ẹmi. Ó fẹnu sí Ọlájíre létí, ó sọ fún un. Àwo ni Ọlájíre gbọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé oúnjẹ ti dé. Ó sọ báàgì kalẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń wá àwo irin rẹ̀ kiri, àwo ń ró gbangan-gbangan mọ́ ike omi. Awó fò lọ. Olùkọ́ kan tó lúgọ sí tòsí yọ jáde, ó sì mú kí wọ́n gbé òkúta gun òkè títí ẹsẹ̀ wọn fi ń gbọ̀n. Títí di òní, bí Ọlájíre bá rí adìyẹ dídì nínú fìríìjì supermarket, á rẹ́rìn-ín, àwọn tó dúró tì í á sì rọra sún sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrántí awó ló ń mú un fa eruku símú.

Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n parí ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ dé ibùdó kí oòrùn tó kàn wọ́n lórí, kò sì kù ju ilẹ̀ gbọọrọ kan àti òkè kan lọ. Ọyẹ́ mú lówùúrọ̀ náà débi pé ètè wọn ti là. Ọlájíre ló ṣíwájú. Ó ki ẹsẹ̀ bọ ihò òkété kan tí koríko bò, ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ sì fà á lulẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó sì wú lójú ẹsẹ̀. Òfin irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ẹni tó bá farapa á dúró síbi tó wà. Bí buddy rẹ̀ bá ti jìnnà, á fọn fèrè, àwọn olùkọ́ á wá fi ọkọ̀ gbé e. Buddy rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró. Ẹni tí ara rẹ̀ le tó sì dúró, ó ti pàdánù báàjì nìyẹn, kò sì ní padà wá mọ́ láéláé.

Ọlájíre gbá kọ́là aṣọ Adétúndé mú, ó fa etí rẹ̀ wálẹ̀, ó ní, "Máa lọ."

Adétúndé wò ó. Ó bọ́ ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀, ó jókòó tì í nínú koríko, ó ń fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó gbé e pọ̀n lọ sábẹ́ igi ajagbọn kan. Wọ́n sì wà níbẹ̀ tí oòrùn fi kàn wọ́n lórí, tó fi kọjá, tí ọkọ̀ fi wá. Wọn kò sọ gbólóhùn kan mọ́.

Wọ́n dá àwọn méjèèjì padà sí bárékè wọn. Ọlájíre tó farapa, wọ́n ní kó padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó padà lọ, ó sì gba báàjì. Adétúndé kò gba nǹkan kan. Wọ́n gbé ọ̀kan lọ síhìn-ín, wọ́n gbé èkejì lọ sọ́hùn-ún, fóònù sọnù, nọ́ńbà yí padà, ayé sì gbé oníkálùkù lọ.

Ohun tí Ọlájíre wá kó dé ilẹ̀ àjèjì kò ju gbólóhùn kan lọ: mo ní kó máa lọ, kò lọ. Lọ́dún tí ibà dá a dùbúlẹ̀ nínú bedspace, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń sùn níbẹ̀ ń dìde lọ síbi iṣẹ́ láìwẹ̀yìn. Kò bínú sí wọn. Ẹni tí kò lọ síbi iṣẹ́ níhìn-ín, àánú rẹ̀ kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Ó kọjú sógiri, ó ń sọ gbólóhùn yẹn fún ara rẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ. Ẹlòmíràn ní ilé, ẹlòmíràn ní ọ̀pọ̀ ọmọ. Ọlájíre ní èèyàn kan tó kọ̀ láti fi í sílẹ̀, ìyẹn sì ti tó o jẹ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá.

Àṣírù, tó ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì òkè rẹ̀, ti gbọ́ ìtàn náà débi pé ó lè kà á lójú oorun. Òun náà ló sì mú ìròyìn wá. Ó lọ kí ìbátan rẹ̀ kan ní Discovery Gardens, ó bá sẹkúríìtì ilé ibẹ̀ níbi tó ti ń pa àwọn kan lẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, wallahi, ó ń sọ ọ̀rọ̀ awó," ni Àṣírù wí, bó ṣe wọlé tí kò tíì bọ́ bàtà. "Mo ní, ọ̀gá, ìtàn yín nìyẹn àbí ẹ yá a? Ó ní kí ni mò ń sọ. Mo ní mo mọ ẹni tó gbọ́ àwo. Ọkùnrin yẹn di ògiri mú."

Láti ọjọ́ náà ni Ọlájíre àti Adétúndé ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀kan bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sán, èkejì á wà lẹ́nu ti alẹ́. Láti Sharjah dé Discovery Gardens sì nìyẹn, ọ̀nà Ittihad, tí mọ́tò máa ń há sí, kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń gbà nítorí eré. Wọ́n ń sún un síwájú. Àfi ìgbà tí Adétúndé pè tó ní kọ́ńtíráàtì òun ti parí, khalas, wọ́n ti cancel visa, òun àti ìyàwó òun ń padà sílé pátápátá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọlájíre lọ bẹ sùpáfáísọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ Àìkú, ó sì gbà á.

Etí omi Al Majaz ní Sharjah ni wọ́n ti pàdé ní ìrọ̀lẹ́. Irun ẹ̀gbẹ́ etí Adétúndé ti funfun, ó sì ti sanra díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ kò yí padà. Wọn kò dì mọ́ra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ara wọn láti ìsàlẹ̀ wá sókè bí ìgbà tí wọ́n bá ń yẹ aṣọ wò ní pàréèdì.

"Ẹsẹ̀ ẹ ńkọ́?" ni ohun àkọ́kọ́ tó ti ẹnu Adétúndé jáde.

"Ó ti jinná, buddy. Ó ti jinná tipẹ́."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá dì mọ́ra, ojú Ọlájíre sì ṣe bí ẹni pé eruku kó sí i.

Ìyàwó Adétúndé ń jẹ́ Ìbídùn. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ló ti ń tọ́jú yàrá, ó kúrú, ara rẹ̀ yá, òun nìkan ló sì ń sọ̀rọ̀ fún ẹni mẹ́ta. Wọ́n ra tíì karak, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì tó kọjú sí omi, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n, orúkọ yín ti sú mi nínú ilé," ló wí. "Tí AC bá bàjẹ́, ẹ̀yin ni. Á ní, ṣé ooru nìyí? Èmi àti Ọlájíre ti jókòó nínú ooru rí. Tí mo bá ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, á ní ti Ọlájíre wú ju báyìí lọ."

"Jẹ́ kó mu tíì ẹ̀ jàre," ni Adétúndé wí.

"Ṣé mo di ẹnu wọn ni? Mo kàn fẹ́ fojú ara mi rí ẹni tó ní kí ọkọ mi má lọ, tí ọkọ mi ò sì lọ. Èmi tí mo fẹ́ ẹ sílé, tí mo bá ní kó má lọ síbì kan, kí n tó pa ẹnu dé, ó ti wà níbẹ̀."

Ọlájíre gbé ife tíì kúrò lẹ́nu. "Ẹni tó ní kó ṣe kí ni?"

"Kó má lọ."

"O ò lè ti gbàgbé," ni Adétúndé wí. "O di kọ́là mi mú, o fà mí wálẹ̀, o ní, 'Má lọ.'"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí ti balẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, Ọlájíre ni kò gbọ́ ìró rẹ̀.  Ó kọ́kọ́ fẹ́ sọ níbẹ̀ pé, rárá o, èmi kọ́, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló wá rántí. Ètè rẹ̀ ti là lọ́jọ́ náà, ìrora kò jẹ́ kó mí dáadáa. 'Máa' ń fẹ́ èémí gígùn, èémí kúkúrú ló rí lò fún un, ó sì di 'má'. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì wá rí i pé gbogbo ọ̀nà tí òun ti ń fi gbólóhùn kan ṣe ọ̀pá rìn, gbólóhùn náà kò dé etí ẹni tí òun sọ ọ́ fún.

"Túndé," ló wí, "tó bá jẹ́ pé mo ní kí o máa lọ ńkọ́?"

Adétúndé ro ó. Irọ́ kì í yá a lẹ́nu. Ìyẹn náà kò yí padà.

"Màá ti lọ," ló wí. "Òfin ni. Mo sì fẹ́ báàjì yẹn, buddy, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Mo fẹ́ ẹ bí oúnjẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọlájíre. Ó dùn ún ju ẹsẹ̀ yíyẹ̀ lọ, kò sì sí fèrè kankan tí èèyàn lè fọn fún irú èyí. Ó yí ojú sí omi. Èèyàn kan tó kọ̀ láti fi í sílẹ̀ kò sí mọ́. Kò tiẹ̀ fìgbà kan sí rí.

"Ṣùgbọ́n jẹ́ n sọ nǹkan kan fún ẹ," ni Adétúndé tún wí. Ó ń wo inú ife rẹ̀. "Mi ò sọ ọ́ fún ẹ nígbà yẹn. Ilé àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo dàgbà sí. Ìyá mi ò sí, bàbá mi ò sí. Ìyàwó tibí á lò mí títí, á ní, ó yá, máa lọ sọ́dọ̀ bùọ̀dá Ìbàdàn. Tọ̀hún náà á ní máa lọ. Bí mo ṣe wọṣẹ́ sójà nìyẹn, torí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń gba ẹni tí wọ́n lé. Kò sẹ́ni tó wò mí lójú rí kó ní kí n má lọ. Ìwọ ni first person. Ó ṣe mí bákan. Mo bá jókòó."

Ìbídùn gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Wọ́n ní mo fail," ni Adétúndé wí. "Wọ́n kígbe lé mi lórí níwájú gbogbo èèyàn. Inú mi ń dùn. Wọ́n rò pé orí mi ti dàrú."

Ìbídùn kò lè fara da ọ̀rọ̀ tó wúwo báyìí pẹ́. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ọkọ rẹ̀, ó ní, "Àbí ẹ̀yin méjèèjì ò tiẹ̀ gbọ́ ara yín? Àwọn tó ń pe awó ní àwo. Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́ o, kí lẹ sọ gan-an lọ́jọ́ yẹn?"

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè kúrò nínú ife, ó wo Ọlájíre, Ọlájíre sì rí ẹ̀rù lójú rẹ̀, lójú ọkùnrin tí ìkookò kò dẹ́rù bà ní Òkè Ọya. Kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà rí títí ìyàwó rẹ̀ fi dá a sílẹ̀. Ó ti ń rò ó báyìí.

Òótọ́ wà lẹ́nu Ọlájíre, kò sì wúwo: a kan ṣoṣo péré ló fi yàtọ̀ sí irọ́. Bó bá sọ ọ́, á gba ohun tirẹ̀ padà, á di akin tó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi òun sílẹ̀ kó máa lọ gba ògo. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì wọ bàálù padà sílé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí gbogbo ayé, láìku ẹnì kan, ní kó máa lọ. Bó bá parọ́ ńkọ́? Á di ẹni tó bẹ̀bẹ̀ nínú koríko.

Ó fi sùúrù padà sí òwúrọ̀ náà lọ́kàn rẹ̀. Kò wá ohun tó sọ mọ́; ohun tó fẹ́ ló ń wá. Ó rántí bí ilẹ̀ ṣe tutù tó, bí òkè tó kù níwájú ṣe ga tó, bí igbó náà ṣe dákẹ́ tí kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Òfin ló kọ́ ẹnu rẹ̀ ní máa lọ, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní sàlúùtù. Ọwọ́ tó gbá kọ́là mú ńkọ́? Kò tíì rántí rí pé òun tú ọwọ́ yẹn sílẹ̀. Ó dájú pé òun kò tú u sílẹ̀ títí Adétúndé fi jókòó.

"Má lọ," ni Ọlájíre wí. "Mo ní kí o má lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, Túndé."

Adétúndé mí. Ó mu tíì rẹ̀ tó ti tutù tán, ó sì mi orí sí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dá láre. Ìbídùn ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín lásán lòun ń rín. Ó ń nu ojú rẹ̀, ó ní eruku Sharjah yìí mà pọ̀.

Wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ wọn, wọ́n ka àwọn tó ti kú àti àwọn tó ti di ọ̀gá. Omi aláràbarà bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè láàárín ọ̀sà, àwọn ọmọdé ń sáré lọ síbẹ̀. Nígbà tó yá, Adétúndé wo aago, ó dìde.

"Yalla, Ìbídùn, ká máa lọ. Bọ́ọ̀sì á ti kún. Buddy, ó di ilé o, àbí ó dìgbà."

Ọlájíre dìde pẹ̀lú wọn. Ó mọ ohun tó yẹ kéèyàn wí: ẹ máa lọ, ọ̀nà á là, ẹ kí ilé. Ó ti wí i fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìlú yìí, torí ìlú tí èèyàn ti ń lọ ni. Ó la ẹnu.

"Ẹ má tíì lọ," ló wí.

Kò sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó sọ ọ́ débi pé obìnrin Filipino kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ kọjá yíjú, tí ojú sì ti Ọlájíre fúnra rẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa. Kò gbà á padà.

Ìbídùn ló kọ́kọ́ jókòó.